Bọ́ọ̀lù Tí Kì Í Lọ Tààrà

Hàwáwù, àbúrò mi, ọmọ Òkèlele,
àwọn àna ní kí n júwe iṣẹ́ rẹ.
Mo ní: ó ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko.
Wọ́n ní: ṣé ó ń gbá a ni? Mo ní rárá.
Ṣé ó ń sáré tẹ̀lé e? Ó kàn ń wò ó ni.
Bàbá Sálíù bú sẹ́rìn-ín:
"Ìyẹn náà ló torí ẹ̀ wọ bàálù?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn náà ni.

Ilé tí wọ́n ti ń lọ òkúta lántànà la bí ọ sí.
Bàbá wa àgbà á jókòó ti ọlọ láti ìdájí,
omi ń kán, òkúta pupa ń kéré,
títí yóò fi dán bí ẹyinjú àparò.
Ìwọ lò ń ṣa èyí tó bá yí sábẹ́ ẹní.
O mọ ohun tó rí roboto kí o tó mọ álífù.

Nítorí náà, nígbà tí kóòṣì gbé bọ́ọ̀lù lé ọ lọ́wọ́
ní pápá Àbújá tí o ti ń gbálẹ̀,
o yí i wò lẹ́ẹ̀kan péré,
o ní: "Èyí ò rí roboto. Ẹ̀gbẹ́ kan wúwo."
Kóòṣì gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Bí o bá dojú kọ jáàkì, funfun kékeré yẹn,
o ti pàdánù.
Ibi tí kò sí lò ń rán bọ́ọ̀lù lọ,
kó rìn, kó rẹ̀ ẹ́,
kó tó rántí ilé, kó ṣẹ́rí.

Ní Sìkọ́tílándì, òjò winniwinni,
bọ́ọ̀lù wúwo bí ọmọ tó ti sùn.
Ní Ọsirélíà, koríko ń yọ̀
bí táìlì mọ́sálásí lẹ́yìn àlùwàlá.
Wọ́n ta okùn ìdíwọ̀n.
Ìbú èékánná ló gba idẹ lọ́wọ́ rẹ.
Rédíò pè é ní bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá.
O pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, o ò sunkún,
o bi mí bóyá ewúrẹ́ wa ti bí.

Owó àjẹmọ́nú ọdún yẹn ò tíì dé.

Lónìí, ọyẹ́ ń jà lẹ́yìnkùlé,
o kúnlẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé, o ń yí ọsàn.
O ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹ̀gbẹ́ tó wúwo.
Bàbá Sálíù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò rẹ́rìn-ín mọ́:
ọsàn ń lọ,
gbogbo ara bàbá ń tẹ̀ sósì,
bí ẹni pé òun ló ń darí rẹ̀.