Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ aago.
Agogo kékeré kan ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́,
Láníyọnu rà á nígbà tí wọ́n wó ilé-ìwé kan.
Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan.
Bó bá ku díẹ̀, mo lù ú lẹ́ẹ̀kan;
bó bá pé, mo lù ú lẹ́ẹ̀mejì,
ì báà ṣe ọba, yóò jókòó.

Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé la ti bẹ̀rẹ̀, ní Ṣómólú,
láàárín àjákù bébà àti òórùn tàdáwà.
Àwa mẹ́rin. Àga mẹ́fà.
Bí ẹ̀rọ bá ń tẹ káàdì ìgbéyàwó lọ́wọ́,
a ó dúró dè é, tàbí ká kígbe borí rẹ̀.
Ibẹ̀ ni Sikírátù ti kọ́
béèyàn ṣe ń gbóhùn sókè láìbínú.

Ọjọ́bọ̀ kan, òjò gba àdúgbò,
omi dé orókùn, kò sẹ́ni tó wá
àfi èmi àti Abíọ́nà.
Mo ní, "Jẹ́ ká máa lọlé."
Ó ní, "Lu a-agogo rẹ."
Ó dìde, ó kí àwọn àga tó ṣófo,
ó sọ̀rọ̀ nípa onílé rẹ̀,
ẹni tó fowó kún owó ilé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan;
kí Abíọ́nà tó yọ gbólóhùn kan jáde,
bàbá náà á ti wọlé, á ti tilẹ̀kùn.
Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.
Ó ní, "Ta ló fẹ́ pe ba-baba?
Onílé ni mo fẹ́ pè, kó sì jẹ́ mi."

Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Mo di agogo mú.
N ò lù ú.
Ẹ má sọ fún Láníyọnu.

Lẹ́yìn ìyẹn la ṣòfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wá.
Mú ẹni tó ń jà nídìí omi ẹ̀rọ,
mú ẹni tó dákẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù yín.
Sikírátù mú télọ̀ mẹ́ta.
Fádérẹrà nọ́ọ̀sì mú ọkọ rẹ̀,
ó fi oṣù méjì jókòó sẹ́yìn bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé,
lọ́jọ́ kan ó dìde, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó jókòó.
A pàtẹ́wọ́ títí a ò gbọ́ ẹ̀rọ mọ́.
A sì ń sòótọ́ fúnra wa:
"Ọ̀rọ̀ rẹ dùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ń fò
bí ẹni ń lé eṣinṣin."

Nígbà tá a di mẹ́rìnlélógójì, mo ṣírò rẹ̀:
wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú,
kí a tó kí ara wa rárá.
Láníyọnu ní ká pín. Inú bí wa.
Ta ló ń sọ ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó kalẹ̀?
Ó ní, "Iṣu tá ò gé,
ebè kan ṣoṣo ló ń wọ̀."

Abíọ́nà ló kó mẹ́wàá lọ sí Bárígà,
sí kíláàsì kan lẹ́bàá ọ̀sà.
Wọn ò ní agogo; ọmọrí ìkòkò àti ṣíbí ni.
Mo lọ wò wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Bàbá kan jókòó sẹ́yìn, ó káwọ́ gbera,
ó ń wo bàtà ara rẹ̀.
Mo bi Abíọ́nà pé ta nìyẹn.
"O-onílé mi ni," ó ní.
"Ẹ̀rù ń bà á.
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló kàn án."