Òṣómàáló Ara Mi

Bàbá bàbá mi kì í jókòó nílé onígbèsè.
Gbé àga fún un, yóò kọ̀ ọ́.
Bu omi fún un, yóò ní òǹgbẹ kò gbẹ òun.
Yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ láàárín orúnkún,
yóò máa wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń ka èèrà
títí ẹni tó rajà àwìn yóò fi rí owó níbi tí kò sí.
Òṣómàáló ni wọ́n ń pè é láti Iléṣà dé Ọ̀fà.
Kò jẹ gbèsè rí: ohun tí wọ́n sọ nìyẹn níbi ìsìnkú rẹ̀.

Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀,
mo ń tún fìríìjì ṣe ní Ìjámọ̀,
mo sì jẹ ènìyàn mẹ́fà ní gbèsè,
láì tíì ka èyí tó wà lórí fóònù.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ló bẹ̀rẹ̀.
Kọ̀mpírẹ́sọ̀ kan tí oníbàárà fẹ́ kó dé lọ́jọ́ kejì.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta, owó ti wọlé;
n kò dọ̀bálẹ̀, n kò bẹ ẹnikẹ́ni.
Mo ní ayé mà dẹrùn o.
Lọ́jọ́ keje, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Mo yá tibòmíràn san tibí,
mo yá tọ̀hún san tibòmíràn,
bí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò
kó lè rí yẹ̀pẹ̀ fi dí kòtò àná.

Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo orúkọ inú fóònù mi:
sí pásítọ̀, sí àna mi ní Ìpetu,
sí ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà fìríìjì fún mi ní Ẹ̀rẹ́jà:
"Ẹ bá wa sọ fún Bámitálẹ́ pé olè ni."
Òṣómàáló tí kò lórúnkún!
Inú àpò ṣòkòtò mi ló lóṣòó sí,
ó ń gbọ̀n lóru.

Moróyèkẹ́ kò pariwo.
Ó yí ìwé iléèwé ọmọ wa sẹ́yìn,
ó ní, "Máa pè é, kí n máa kọ ọ́."
Mo pe mẹ́ta. Ó ń wò mí. Mo pe ìkẹrin.
Kí a tó dé ìkẹjọ, ìrẹsì ti jóná,
a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá náírà, ó lé díẹ̀:
ìṣirò àwọn bàbá mi, tí mo rò pé mo ti gbàgbé.

A ta tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ sunkún ọjọ́ méjì.
Èyí tí èlé rẹ̀ ń jó fòfò la kọ́kọ́ pa;
ẹni tó lè ní sùúrù, a lọ bẹ̀ ẹ́.
Ti Ẹ̀rẹ́jà ní kí n fi iṣẹ́ san ìdajì.
Oṣù mọ́kànlá.

Ó ku gbèsè kan ṣoṣo nígbà tí ọ̀rẹ́ mi dé láti Ìmọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán.
Kí n mú àádọ́ta ẹgbẹ̀rún wá, yóò di ọgọ́rùn-ún lóṣù kan.
Mo ní, iṣẹ́ wo ni owó náà ń ṣe?
Ó ní a kì í béèrè.
Mo fún un lómi tútù, mo sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìyáàfin Ògúnmọ́dẹdé, akọ̀wé alájẹṣẹ́kù ní Ìsokùn,
kò ṣèlérí nǹkan kan.
"Tọ́jú oúnjẹ oṣù mẹ́ta ná, nítorí àìsàn kì í kan ilẹ̀kùn.
Lẹ́yìn náà, díẹ̀ síbí,
díẹ̀ sínú ìwé tí ìjọba fi ń yáwó lọ́wọ́ aráàlú.
Obì kì í so lọ́dún tí a gbìn ín."
Ìjọba! Ìjọba ni yóò jẹ mí ní gbèsè!
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lọ́jọọjọ́ Ẹtì, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù,
mo máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà,
aṣọ iṣẹ́ láàárín orúnkún.
N kò ní dìde, n kò ní mumi,
títí Bámitálẹ́ yóò fi ka ẹgbẹ̀rún mẹ́ta
lé Bámitálẹ́ lọ́wọ́.
Nígbà mìíràn, yóò ní ọjà kò tà.
Èmi yóò máa wo ilẹ̀.
Èmi yóò máa ka èèrà.