Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Inú Ẹ̀rí Kẹta

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ ní Ìgbóṣẹrẹ́.
Mo ti túmọ̀ ìjà ilẹ̀, mo ti túmọ̀ aáwọ̀ orogún,
mo ti bu omi tútù sí èébú olè
kí etí adájọ́ lè gbà á.
Ọ̀rọ̀ kan kò há mi lọ́fun rí
àfi ọ̀rọ̀ mẹ́rin inú fóònù Sàfúrátù.

Aránṣọ ni, ní Òkè Pópó.
Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà ló yá, ó fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ.
Ẹ̀rọ náà ló wà níwájú wa yìí, ẹ̀rí kìn-ín-ní,
òwú aláwọ̀ ewé ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀.
Káṣìmáawò tó yá a lówó dúró nínú àpótí,
aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán.
Ó ti fi àwòrán Sàfúrátù ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀,
sí lèmọ́mù àdúgbò, sí àwọn oníbàárà,
sí ọmọ tó ń pọn omi fún un pàápàá:
"Ajigbèsè rèé. Ẹ ṣọ́ra."
Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú (ẹ gbọ́ orúkọ ọjọ́)
ó wá kọ mẹ́rin péré sí òun fúnra rẹ̀:
Ikú yá ju ẹ̀sín.

Adájọ́ gbé gègé sókè. "Ògbufọ̀, túmọ̀."

Ikú, mo rí ọ̀rọ̀ fún un.
Ẹ̀sín, mo wá a, mo rí èyí tó fẹ́ jọ ọ́.
"Yá" ló dá mi dúró.
Ṣé yá tí a fi ń sọ pé èyí sàn ju tọ̀hún?
Àbí ó yá, dìde, àkókò ti tó?
Yá kan náà ni Sàfúrátù sì yá owó.

Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ rẹ́rìn-ín:
"Olúwa mi, òwe ni. Ìyá mi pa á fún mi
nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò.
Èmi rèé, mi ò kú."
Ti ìjọba dìde: "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, òótọ́ ni.
Ta ló gun ẹṣin ọ̀hún dé ẹnu ọ̀nà aránṣọ
ní aago mọ́kànlá òru?"

Adájọ́ ní òfin ò bèèrè bóyá ènìyàn burú.
Ẹni burúkú pọ̀ l'Ékòó, ọgbà ẹ̀wọ̀n ò lè gbà wọ́n.
Òfin ń bèèrè: kí ló wà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́?
Ṣé kó kú ló fẹ́, àbí kó san?
("Òkú kì í san gbèsè," ẹnì kan wí lẹ́yìn. Akọ̀wé ní kó dákẹ́.)
Ṣé ó tì í, ṣé ó ràn án lọ́wọ́, àbí ó kàn bú u?
Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín ọ̀rọ̀ àti ikú?
Mẹ́sàn-án.
Nínú mẹ́sàn-án yẹn ó rán aṣọ ìkókó méjì, ó gbowó rẹ̀.
Ta ló mọ ẹlòmíràn tó sọ̀rọ̀ sí i?
Iyèméjì tó bá mọ́gbọ́n dání, ti olùjẹ́jọ́ ni.

Wọ́n pe ìyá rẹ̀. Kò sunkún.
"Ǹjẹ́ ọmọ rẹ sọ pé nítorí ọkùnrin yìí ni?"
Ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ títí.
"Kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n bá òun fi eyín já òwú kan,
eyín ń dun òun."
Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.
Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ti ikú, wọ́n dá a sílẹ̀.
Ti àwòrán àti ìhàlẹ̀, ó jẹ̀bi: owó ìtanràn.
Ó san án lójú ẹsẹ̀, inú àpò ló ti yọ ọ́.

Mi ò lè sọ pé adájọ́ ṣì í dá.
Mo gbọ́ ìdájọ́ náà láti òkè délẹ̀, ó lẹ́sẹ̀ tó fi dúró.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nílé mi ní Lafíàjì,
ọmọ mi gbé àpò ìwé kọ́ èjìká, ó ń fa ilẹ̀kùn:
"Ó yá, Bàbá. A ti pẹ́."
Mo dúró, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́,
mò ń wá ìtumọ̀.