Àlùbáríkà ní Sóònù Fọ́ọ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Wúsè láti Ògbómọ̀ṣọ́,
Alàájì Gàsálì fún mi ní àpótí kan,
ó ní kí n la etí, kí n pa ẹnu mọ́.
Oníbàárà kan dá iye tó fẹ́ san fún igba dọ́là.
Alàájì mi orí díẹ̀, ó ní, "Àlùbáríkà."
Èmi ọmọ Màsífà, mo ní, "Àmín o!"
mo ka owó olówó lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.
Ta ló sọ fún mi pé àlùbáríkà níhìn-ín,
"ó kéré, máa bá tìrẹ lọ" ni?
Gàrí gbẹ ni mo fi san gbèsè náà.

Mo kọ́ èdè wọn bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.
Dọ́là tuntun, Olórí-Ńlá;
ti àtijọ́, Olórí-Kékeré, tí wọ́n ń dín owó rẹ̀ kù
bí ẹni pé òun ló ya ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Pọ́n-ùn, Ìyá Àgbà. Mílíọ̀nù, ọ̀pá kan.
Bí ọlọ́pàá bá yọ, ẹnìkan á ní, "Òjò ṣú,"
gbogbo wa á di ẹni tó ń ta káàdì fóònù.
Làdá tí Ààfáà ní ọ̀run la ó ti gbà,
ojú títì ni wọ́n ti ń san án níbí kí oòrùn tó wọ̀:
owó alárinà ni.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí ọjà tà, mo pe ìyá mi.
Ahọ́n mi ṣì wà lórí àpótí:
"Ìyáà mi, mo jẹ rìbá lónìí! Rìbá ńlá!"
Ẹ̀rọ dákẹ́. Mo gbọ́ adìẹ kan lẹ́yìn ilé wa.
"Múfútáù, ta lo rẹ́ jẹ?"
Mo ní èrè ni, èrè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí.
Ó ní, "Hẹn-ẹn."
Ó ní, "Ẹni tó tà á fún ọ ńkọ́, kí ló fẹ́ fi owó ṣe?"

Mo rántí obìnrin tó tú Olórí-Kékeré mẹ́fà
láti ìdí ìró, tó ń wo aago,
tó ní ọsibítù kò ní í dúró de òun.
Mo dákẹ́ bí ère.
Mo ní n ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé lọ́la.
Ìyá mi ní, "Àlùbáríkà."
Títí di òní, n ò mọ̀
bóyá ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tàbí ti Wúsè.