Ó Ku Ẹnì Kan

"Ó ku ẹnì kan," ni Bàbá Moróti wí
ní gáréèjì Kábà, aago méje àárọ̀.
Mo gbà á gbọ́.
Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, láti ìkọjá ibodè;
Yorùbá ẹnu mi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.
A há mẹ́rin sẹ́yìn,
itan mi lórí itan ìyá oníṣu,
àpò ìwé mi lábẹ́ ewúrẹ́ rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án. Ó ṣì ku ẹnì kan.
Ọkọ̀ símẹ́ǹtì ń kọjá, ó ń bu eruku sí wa lẹ́nu.
Ìdánwò Lọ́kọ́ja kò ní dúró dè mí.
Mo ka náírà mi
bí ẹni ń ka eyín ẹlòmíràn,
mo sanwó ẹni tí kò sí.

Ọkọ̀ ṣí.
Bàbá Moróti gbé ewúrẹ́ síwájú,
sórí àga tí mo rà.
Ó ń wojú ọ̀nà.