Kí Ẹ̀rọ Ata Tó Bẹ̀rẹ̀

Aago márùn-ún ìdájí la máa ń pàdé ní Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n,
kí Ìyá Múfú tó tan ẹ̀rọ ata rẹ̀,
kí àwọn ọmọ iléèwé tó máa sọ òkò sí máńgòrò.
Yàrá kan ni. Fóòmù àlòkù la fi bo ògiri,
páálí ẹyin la fi bo àjà.
Gbádébọ̀ ti pa fáànù. Òógùn ń ṣàn,
ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nù ún,
torí ẹ̀rọ tó wà níwájú wa yìí
a máa gbọ́ ìró aṣọ, a máa gbọ́ bí ikùn ṣe ń kùn.
Ó gbọ́ tèmi lọ́jọ́ Ẹtì
níbi tí mo ti ń sọ fáyé pé ọbẹ̀ dùn.

Ẹ ò mọ ojú mi.
Èmi ni mò ń sọ fún yín pé owó fóònù yín ti tán.
Ìyá mi gan-an bú mi lọ́jọ́ kan:
"Obìnrin yìí, ta ló tilẹ̀ bí ọ?"
Mo jókòó tì í, mò ń ṣa ẹ̀wà, mi ò fọhùn.
Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe Gbádébọ̀ nítorí owó iṣẹ́ mi,
mo gbọ́ ara mi létí ara mi:
"Ẹ jọ̀wọ́, owó yín kò tó láti pe ìpè yìí."
Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá dákẹ́.

Tinúoyè ni ìyá tó ń kìlọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára
lórí rédíò, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìkòyí.
Kò tí ì bímọ.
Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń sọ pé "ọmọ mi, ọmọ yín",
ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń sọ ọ́, kì í ṣàṣìṣe,
àwa á sì máa wolẹ̀.
Bí ọ̀fìnkìn bá mú mi, òun ló ń bá mi ṣiṣẹ́,
a ó pín owó náà sí méjì, orógbó ni èènì.
Bí wọ́n bá pè é láti Ìbàdàn pé ohùn ọkùnrin làwọn ń fẹ́,
á ní, "Mo mọ ẹnì kan."
Láosẹ̀bíkan ni ẹni náà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ ti gbọ́ ọ ní gáréèjì Sábó,
lórí ọkọ̀ oníṣègùn:
"Jẹ̀díjẹ̀dí ni àbí ẹ̀yìn ríro? Ẹ sún mọ́ mi."
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni wọ́n san fún un, lẹ́ẹ̀kan, ó parí.
Ó fi ra awò ojú.
Òun ló kọ́ mi láti mí bí ẹni tí kò mí,
kí n rẹ́rìn-ín músẹ́ bí mo bá ń dárúkọ iye owó,
"torí etí a máa rí eyín."

A sin ín ní Masífà lóṣù Bélú.
Pásítọ̀ ní kí ẹnì kan wá sọ̀rọ̀ nípa olóògbé.
Àwa mẹ́fà tí ohùn ń bọ́,
à ń wo ara wa bí ẹni gbàgbé ìwé sílé.
Ló bá di láti ojú títì:
"Ẹ sún mọ́ mi. Ara yín á yá kó tó dọ̀la."
Ọkọ̀ oníṣègùn ló ń kọjá.
Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ já ọwọ́ gbà,
ó sáré tẹ̀lé e títí dé ibi tó ti yà.

Lánàá, ilé iṣẹ́ kan kọ̀wé sí wa:
kí a ka ẹgbàárùn-ún ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ àwọn,
lẹ́yìn náà, kò sídìí kí a tún wá mọ́,
ẹ̀rọ á máa fi ohùn wa sọ ohun tí a ò sọ rí.
Owó náà tó san owó ilé ọdún méjì.
Tinúoyè ní, "Ṣé á máa sọ 'ọmọ mi' náà?"
A ò tí ì dáhùn.
Orógbó wà lórí tábìlì, a ò tí ì pa á.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀ báyìí.
Gbádébọ̀ na ìka mẹ́ta, ó ká ọ̀kan kò,
mo fi eyín han ògiri.
Lẹ́yìnkùlé, Ìyá Múfú ti di ẹ̀rọ rẹ̀ mú,
ó yí i, ó kọ̀, ó tún yí i.
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ní sùúrù,
ó ku gbólóhùn kan.