Nǹkan Bí Aago Márùn-ún

Lọ́jọ́ kẹtàlá tí Bàbá ti sùn,
mo ti Ìlíkímù dé mẹ́rì Kétu
lẹ́yìn alùpùpù, eruku pupa títí dé ìpéǹpéjú,
ìwé nínú ọ̀rá, ọ̀rá láyà.
Ẹlẹ́rìí méjì ń tẹ̀lé mi bọ̀:
Felísì, àbúrò Bàbá,
àti Àjàní tó gbẹ́ ilẹ̀ náà,
amọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tó ń mì.
Obìnrin kan ń fọ́mọ lọ́mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa,
ìwé ìbí ni tirẹ̀.
Fèrèsé kan náà ni.

Akọ̀wé kò ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ.
«Kí ló ṣẹlẹ̀?»
Mo ní, Bàbá sùn.
Ó ní, kò sí sùn nínú fọ́ọ̀mù.
Mo ní, wọ́n ti wọ káà ilẹ̀.
Ó gbé bíìkì sílẹ̀, ó wò mí
bí ẹni ń wo ọmọ tí kò mọ ọ̀nà ilé.
«Màdáámù, ṣé wọ́n kú?»
Felísì wúkọ́.
Ẹnu mi wúwo bí ọlọ.
Nílé wa, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀,
kódà Àjàní, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n.
Mo tẹrí ba.
Ìyẹn ti tó fún un. Ó kọ ọ́.

Orúkọ?
Oyèṣínà.
Ó wá a nínú ìwé ńlá kan tí eku ti jẹ létí,
ó rí i, Oyechina, láìní àmì kankan lórí,
ó sì pè é sókè kí gbogbo bẹ́ǹṣì gbọ́:
Oyèṣìnà.
Oyè tó ṣìnà!
Bàbá mi, tó fi àdá la ọ̀nà
láti ìdí ìrókò títí dé odò,
ọ̀nà tí gbogbo wa ṣì ń tọ̀ lọ pọnmi.
Mo tún un pè fún un.
Ó tún un pè bó ṣe pè é tẹ́lẹ̀.
Ẹ̀rọ àwọn, ó ní, kò mọ ohùn òkè, kò mọ ti ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ ìbí? Ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo tán.
Ó kọ: nǹkan bí 1938.
Iṣẹ́? Àgbẹ̀.
N kò ráyè sọ pé àwọn la máa ń ránṣẹ́ sí
bí òrùlé bá ń jò, bí tọkọtaya bá ń jà lóru.
Ìlà tó fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ kò gùn.

Aago mélòó?
A wo ara wa.
Felísì ní, àkùkọ ti kọ lẹ́ẹ̀kejì.
Àjàní ní, bóyá lẹ́ẹ̀kẹta.
«Aago ni mo bèèrè, n ò bèèrè adìẹ.»
Mo ní márùn-ún.
Mo kàn sọ ọ́ ni, kí á lè kúrò níbẹ̀.

Àjàní kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ló tẹ̀.
Yíǹkì bo amọ̀ èékánná rẹ̀.
Nígbà tí òǹtẹ̀ ré lu ìwé, gbì,
ìgbà náà ni orúnkún mi yẹ̀,
èmi tí mo dúró ṣinṣin létí kòtò.
Obìnrin ọlọ́mọ yẹn ló sún fún mi kí n jókòó.

A kọjá lẹ́bàá Àkàbà Ìdẹ́nà. Felísì kò sọ̀rọ̀.

Nílé, Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ.
«Kà á fún mi.»
Mo ka Faransé rẹ̀.
«Èdè tiwa ńkọ́?»
Mo wo ìwé náà pẹ́.
Mo ní, wọ́n kọ ọ́ pé Oyèṣínà sùn,
ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí.
Ìyá mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú sẹ́yìn.
«Irọ́ ni wọ́n pa. Òṣùpá ṣì wà láàárín ọ̀run.
Èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú.»
Ìyá tún tẹ̀ sórí atẹ.